Fáànù Orí Mọ́tò Bọ̀dá Làmídì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ fáànù kan ní Pọtakọ́tì, lọ́dún tí ogun abẹ́lé parí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì nígbà náà. Iléeṣẹ́ kan ní Trans-Amadi gbà mí kí n máa bá wọn tún àwọn ẹ̀rọ tí ogun bà jẹ́ ṣe. Ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Làmídì, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni mò ń gbé. Takisí ni Bọ̀dá ń wà. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, ó sá lọ sílé, ó fi mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Chinda, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Ikwerre, ní Eliozu. Ṣé ẹ mọ̀ pé Chinda fi imọ̀ ọ̀pẹ bo mọ́tò yẹn títí ogun fi kásẹ̀ nílẹ̀! Kò sí dúkìá mìíràn tó kù fún Bọ̀dá. Òun ló fi ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ tó wà ní Ìjẹ̀bú.

Pẹtiróòlù ni ìṣòro wa. A lè tò láti àárọ̀ kí a má rí nǹkan kan. Ni Bọ̀dá bá ro èrò kan: bí mọ́tò bá ń sáré, ṣebí atẹ́gùn ń lù ú níwájú? Kí ló dé tí à ń fi ìyẹn ṣòfò? Ó yọ dínámò lára mọ́tò kan tó ti kú, ó fi ìyẹ́ fáànù sí i lẹ́nu, ó fi okùn dè é mọ́ òrùlé takisí. Ó ní atẹ́gùn ni yóò máa fún bátìrì níná, ẹ́ńjìnnì tó ń yí dínámò tẹ́lẹ̀ yóò sinmi iṣẹ́ yẹn, pẹtiróòlù yóò sì pẹ́ kó tó tán. Ó wá kọjú sí mi.

“Gírádúéètì, àbí kò dáa?”

Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Ilé rẹ̀ ni mò ń sùn, oúnjẹ rẹ̀ ni mò ń jẹ. Ṣé kí n wo ojú ẹ̀gbọ́n kí n ní irọ́ ni? Mo tẹrí ba, mo ní, “Ó dára, sà. A ó máa wò ó.”

Lójú tèmi, ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ irú ìdáhùn yẹn yẹ kó mọ̀ pé ó kù díẹ̀ káàtó. Bọ̀dá kò mọ̀ o! Ó lọ sọ ní gáréèjì pé gírádúéètì ti fọwọ́ sí i, pé tó bá di Jímọ̀, jórinjórin yóò gé òrùlé mọ́tò òun, yóò sì jó fáànù náà mọ́ ọn pátápátá. Àwọn dẹ́rẹ́bà mìíràn ní àwọn náà ń bọ̀.

Ọkàn mi kò lélẹ̀ mọ́. Mo ń jókòó, mo ń dìde. Atẹ́gùn tó ń yí fáànù, ta ló ń ti mọ́tò wọ inú rẹ̀? Ẹ́ńjìnnì kan náà ni! Ṣùgbọ́n mo tún rò ó pé dínámò tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń yí náà ń jẹ pẹtiróòlù. Èwo ló ń jẹ jù? Mo fura, n kò mọ̀. Òrùlé tí wọ́n bá sì ti gé, ta ni yóò dí i pa dà?

Mo bẹ Bọ̀dá pé ká dán an wò kí jórinjórin tó dé. A so ìgò bíà kan tó kún fún pẹtiróòlù mọ́ ẹnu kabúrétọ̀ tí pẹtiróòlù ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, kí mọ́tò má rí òmíràn mu. Ojú ọ̀nà gbọọrọ kan ní Trans-Amadi la lọ, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ṣì wà ní títì. Chinda bá wa lọ. Bó ṣe rí fáànù, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Lamidi, your motor wan fly?”

“Laugh, laugh. Na breeze go feed am.”

A yọ wáyà dínámò ẹ́ńjìnnì, a fi fáànù sáré. Mọ́tò kú kó tó dé géètì iléeṣẹ́ kan tí ọta ìbọn ti lu jálajàla. A tú fáànù, mo ní ká gbé e sínú búùtù kí ẹrù má dín, a so wáyà pa dà, a tún ìgò rọ, a sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan náà. Mọ́tò kọjá géètì, ó kọjá igi máńgòrò tó wà níwájú, kó tó kú.

Bọ̀dá ní ẹ́ńjìnnì tutù nígbà àkọ́kọ́, pé atẹ́gùn sì dojú kọ wá. Mo gbà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. A yí mọ́tò pa dà, a fi ẹ́ńjìnnì gbígbóná ṣe é láti òdìkejì, a fi ti fáànù ṣe ìkẹyìn. Fáànù tún jáwé olúborí nínú ká tètè kú sójú ọ̀nà.

Bọ̀dá jókòó ti bọ́ńpà. Chinda pàápàá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìgbà náà ni òjò ṣú láti ọ̀nà odò, ẹ̀fúùfù dé, fáànù tó wà lórí mọ́tò tó ti kú bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀!

“Bọ̀dá, ẹ wò ó,” mo ní. “Èyí tó wá bá wa lórí ìdúró, ọ̀fẹ́ ni. Èyí tí à ń sáré lọ bá, a ti fi pẹtiróòlù rà á.”

Ó wo fáànù títí. “Kí wá ló dé tí o fi ní ó dára?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn fáànù náà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, jórinjórin gbé irin iṣẹ́ rẹ̀ dé gáréèjì. Bọ̀dá ní kó máa lọ. Àwọn dẹ́rẹ́bà yí i ká, wọ́n ní ṣebí gírádúéètì ti fọwọ́ sí i?

“Ó fọwọ́ sí i lóòótọ́,” Bọ̀dá ní. “Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ọmọ tí a kọ́ dáadáa bá sọ fún yín pé ‘ó dára, sà’, ẹ yáa tún bi í léèrè.”

Ariwo ẹ̀rín sọ! Bọ̀dá fi ọwọ́ nu òrùlé takisí rẹ̀ tí kò ní ihò kankan, ó wọlé, ó sì ké pe èrò.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ọ̀wọ̀ kò gbọdọ̀ dí òtítọ́ lẹ́nu. A lè kúnlẹ̀ sọ ọ́, a lè dọ̀bálẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ká ṣáà sọ ọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti sọ pé “ó dára, sà” rí, tí wọ́n fẹ́ fi gé òrùlé? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiyín.