Bí Mo Ṣe Pa Ìyá Ìyàwó Mi Sínú Bọ́ọ̀dù Onígíláàsì

Èmi ni mo dá búlọ́ọ̀gù sílẹ̀ láyé yìí. Kí àwọn òyìnbó tó lá a lálàá, mo ti fi pákó, gíláàsì àti ìṣó mẹ́rìndínlógún kan ọ̀kan mọ́ ògiri ní Muṣin. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rín in.

Ayé ológun ni. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe, ìwé mẹ́rin péré ni mo sì kà kí wọ́n tó fi mí sẹ́nu iṣẹ́. Oníbàárà kan wá ya kọ́bọ́ọ̀dù sórí ìwé fún mi, ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ àlàyé sí i, mo bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ìtìjú yẹn ló lé mi wọ kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì àwọn àgbà tí wọ́n ń ṣe nírọ̀lẹ́, nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìtòsí wa.

Àgùnbánirọ̀ ni tíṣà wa, ọmọbìnrin kan tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìdí-Àràbà. Ó ní àgbà kì í fi àdàkọ mọ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú kọ̀ọ̀kan, kí kálukú kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé rẹ̀ sórí ìwé kan, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù. Gbogbo wa á kà á, a ó kọ èrò wa tàbí ìbéèrè wa sábẹ́ rẹ̀, ẹni tó ni ín á sì dáhùn ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e. Nítorí àwọn ọmọ àárọ̀ tó máa ń ya ìwé, ó ní kí n kan bọ́ọ̀dù tó ní ilẹ̀kùn gíláàsì. Mo kan án, mo fi àgádágodo sí i, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Òfin rẹ̀ ni pé ìwé tó bá ti wọlé kò gbọdọ̀ jáde títí táàmù á fi parí.

Ẹnikẹ́ni kì í dá sí ìwé tèmi. Mo kọ nípa ayùn, kò sẹ́ni tó fèsì. Mo kọ nípa òjò, ẹnì kan kọ “ó ṣeun” sábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí télọ̀ tó ń jókòó tì mí kọ nípa ajá tó gé e jẹ, ṣe ni wọ́n tò láti bá a kẹ́dùn.

“Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà,” ó ní, “ṣé nǹkan kan kì í ṣẹlẹ̀ nílé tiyín ni?”

Nǹkan ṣẹlẹ̀ o. Ọdún méje la fi wá ọmọ, ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ìyá rẹ̀ sì ti ti Ìjẹ̀ṣà wá bá a wẹ ọmọ. Yàrá kan la ní. Àwọn mẹ́ta ló ni bẹ́ẹ̀dì, èmi ni mo ni abẹ́ tábìlì. Ṣùgbọ́n ta ló máa kẹ́dùn ọmọ tuntun? Ní Ọjọ́rú yẹn, mo fi Gẹ̀ẹ́sì pa ìyá ìyàwó mi. Mo ní apá mi ló kú sí.

Ìwé mi kún dẹ́nu. Ara mi yá gágá, títí mo fi ka àwọn ìbéèrè. Ọmọ ọdún mélòó ni Màmá? Kí ló ṣe wọ́n? Ìgbà wo la máa sin wọ́n? Mo ní ọgọ́rin ọdún, mo ní orí fífọ́, mo ní à ń dúró de àkọ́bí wọn tó rìnrìn-àjò. Ìdáhùn kan á bí ìbéèrè méjì. Nígbà tó di Sátidé kan, mo mú síkúrúdíráfà lọ síbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ara mi dè mí: torí olè, mo ti fi gbogbo ìdè ilẹ̀kùn bọ́ọ̀dù náà pamọ́ sínú, síkúrúdíráfà ò lè débẹ̀. Mo ń wo ìwé mi nínú gíláàsì bí ẹni ń wo ara rẹ̀ látìmọ́lé. Ọlọ́dẹ ilé-ìwé yọ lẹ́yìn mi.

“Ẹ kú àráfẹ́rakù, Bàbá Káfíńtà.”

Ọjọ́rú kẹta ni tíṣà ní àwọn ti fẹnu kò, àwọn máa wá kí mi ní Sátidé.

“Ẹ má ṣèyọnu, Àǹtí,” mo ní.

Télọ̀ dá mi lóhùn. “Ìyọnu wo? Ṣé ká gbọ́ òkú lára ògiri, ká má dé ilé ni?”

Ta ló ń lé ẹni tó wá kí i kú òfò? Bí mo bá jẹ́wọ́ ní kíláàsì, mo di ẹni tó ń fẹnu pe ikú sórí alààyè. Bí Màmá bá gbọ́ nílé, á padà sí ìlú rẹ̀, ìyàwó mi á tẹ̀ lé e, wọ́n á sì gbé ọmọ tí mo fi ọdún méje wá lọ. Ní àárọ̀ Sátidé, mo gbìyànjú.

“Màmá, ẹ ò fẹ́ lọ wo rélùwéè ní Ìdó?”

“Ìgbà wo ni mo sọ fún ọ pé mi ò rí rélùwéè rí?”

Mọ́kànlá ni wọ́n, pẹ̀lú kíréètì mínírà kan. Màmá fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, kànrìnkàn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ọṣẹ ń kán sílẹ̀.

“Ẹ kú àráfẹ́rakù, Màmá,” wọ́n ní.

“Ta ló kú?”

“Ìyá ìyàwó wọn ni,” télọ̀ ní.

Màmá wò mí. Èmi ń wo kíréètì.

“Ìyàwó mélòó ló ní?”

“Ọ̀kan náà ni, Màmá,” télọ̀ tún ní.

Màmá wá ní, “Ẹ jókòó. Ṣé mo ti kú, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Ó dáa bẹ́ẹ̀, òkú kì í wọ mọ́tò. Ibi tí mo kú sí yìí náà ni mo máa wà.” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, tíṣà di ògiri mú, a sì mu mínírà.

Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Irọ́ ni ìparí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Màmá jókòó sórí àpótí, ó ń sunkún, ọṣẹ sì ń gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó mi di ẹrù rẹ̀. Màmá ní kó tú u, pé ta ló máa wẹ ọmọ? Ó dúró títí ọmọ fi rìn. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, nínú yàrá kan náà, bí mo bá kí i láàárọ̀, á jẹ́ mi, ó parí. Kò tún bá mi sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọ̀rọ̀ òkú tí kì í wọ mọ́tò yẹn, èmi ni mo fi sí i lẹ́nu.