Ọwọ́ Tí Ó Kù Nínú Fọ́tò

N kò mọ̀ pé abiyamọ lè gbàgbé ojú ọmọ tí ó bí. Ohùn rẹ̀ kò kúrò létí mi. Bí ó ṣe máa ń wọ́ bàtà nílẹ̀ bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo ṣì lè sín in jẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá di ojú mi, tí mo ní kí n wò ó, ojú bàbá rẹ̀ ni yóò yọ sí mi, tàbí kí ó kàn rí bàìbàì, bí ẹni tí ó dúró lẹ́yìn aṣọ fèrèsé.

Àkọ́bí mi ni. Ojú ọ̀nà ni ó kú sí, nígbà tí a ṣì ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nílẹ̀ wa, òbí kì í rí sàréè ọmọ. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi títí gbogbo rẹ̀ fi parí. Nígbà tí mo padà délé, fọ́tò rẹ̀ kò sí lára ògiri mọ́. Ìṣó tí wọ́n fi kọ́ ọ ṣì wà níbẹ̀. Aṣọ rẹ̀ kò sí, àwọn fọ́tò tí ó wà nínú àpótí mi náà ti lọ. N kò béèrè. Àánú mi ni ó ṣe wọ́n, mo mọ̀. Bí mo bá béèrè, wọn yóò ní, "Ẹ gbé e kúrò lọ́kàn, Màmá," ẹkún yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Mo gbé e mì. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo ń rán aṣọ ọmọ ẹlòmíràn.

Bàbá wọn náà kú lẹ́yìn ìgbà náà. Ti bàbá kò ní wàhálà nínú, àgbà ni ó kú. Fọ́tò tirẹ̀ wà lára ògiri di òní.

Nígbà tí ojú mi kò ríran fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́, ọmọ mi obìnrin, ẹnì kan ṣoṣo tí ó kù mí kù, ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Àbújá. Jahi ni ilé wọn wà, láàárín àwọn ilé tuntun tí wọ́n jọra bí ìbejì. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo ti wọ ilé onílé rí, mo bọ́ bàtà, mo jókòó. Ìyàwó ilé jáde, ó wò mí, ó fi Haúsá kí mi, "Sànnu, Mama," ó sì gbé omi fún mi. Omi náà ni mo mu tán kí n tó rí i pé àga náà kì í ṣe àga wa.

Ní Sátidé kan, ọmọ mi gbé páálí kan wọlé. Ó rà á lọ́wọ́ ẹnì kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ti òkè òkun dé. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ dà bí férémù fọ́tò, ṣùgbọ́n ó ní wáyà.

"Kí lèyí? Tẹlifíṣọ̀n ọmọdé ni?"

"Férémù ni, Màmá. Fọ́tò ló máa ń fi hàn. Bó bá fi ọ̀kan hàn tán, òmíràn á wọlé."

"Ta ni yóò máa pààrọ̀ rẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Òun fúnra ẹ̀ ni."

Ó mú káàdì kan tí kò ju sítáǹbù lẹ́tà lọ jáde, ó ní fọ́tò wa ni ó wà nínú ìyẹn, pé òun ti kó àwọn ti àtijọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Wúsè, wọ́n ti bá òun dà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà.

"Àwọn ti àtijọ́ wo?"

"Àwọn ti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà látìgbà yẹn."

"Gbogbo wọn?"

Ó ń tú wáyà, kò wo ojú mi. "Gbogbo wọn, Màmá."

Mo ní kí ó fi bọ́tìnnì hàn mí: ti títàn, ti pípa, àti èyí tí ó wà láàárín tí ó ń dá fọ́tò dúró. Mo ní kí ó jẹ́ kí èmi fúnra mi ki káàdì náà bọ̀ ọ́, kí n sì yọ ọ́. A gbé e sórí tábìlì kékeré níwájú àga mi, lẹ́bàá sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Bí àwọn ará ilé bá ti jáde, màá mu ẹ̀kọ mi, màá tan férémù. Ọmọ-ọmọ mi ni ó máa ń kọ́kọ́ wọlé, lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Ìgbéyàwó ìyá rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn èyí ni bàbá wọn, tí ó di ojú, nítorí kò sígbà kan tí iná kámẹ́rà kì í bá a lójijì. Èmi náà nìyẹn nídìí ẹ̀rọ, nígbà tí ara mi ṣì sanra. Ó ń bọ̀, ni mo ń wí nínú mi. Kí ó tó dé, wọn á mú iná lọ.

Bí iná bá dé, férémù kì í rántí ibi tí ó dúró sí. Orí ọmọ-ọmọ mi ni yóò tún ti bẹ̀rẹ̀. Mo wá gbà lọ́kàn mi pé ìparí ni wọ́n fi àkọ́bí mi sí. Ibẹ̀ ni èèyàn ń fi ohun tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn tètè rí sí. Ó tilẹ̀ di pé bí wọ́n bá mú iná lọ, inú kì í bí mi. Níwọ̀n ìgbà tí n kò tíì dé ìparí, ó ṣì wà níbẹ̀.

"Màmá, ẹ ò wo fíìmù yín mọ́, férémù nìkan ni."

"Fíìmù wo ló dùn tó èyí? Kò sẹ́ni tí mi ò mọ̀ nínú ẹ̀."

Ọjọ́ kan wá dé tí iná kò lọ. Ọmọ ilé ìwé wà ní ìsinmi, ọmọ-ọmọ mi jókòó síbi ẹsẹ̀ mi, ó ń jẹ bisikíìtì. Mo wò ó dé ìparí. Fọ́tò tí ó gbẹ̀yìn, ilé wa àtijọ́ ni, pẹ̀lú ewúrẹ́ aládùúgbò tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí onílé. Lẹ́yìn ewúrẹ́, ìsọmọlórúkọ ni ó tún wọlé.

Kò sí níbẹ̀.

Mo jókòó, n kò lè gbé ọwọ́ pa á. Ó ń yí lọ níwájú mi. Ọmọ-ọmọ mi gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ sọ ọ́, á po Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé mọ́ ọn. Ó ní, "Gránmà, that ọwọ́, ti ta ni?"

"Ọwọ́ wo?"

"Ó ti lọ."

A dúró títí ó fi yí padà dé. Mo tẹ bọ́tìnnì àárín. Fọ́tò ìyá rẹ̀ ni, nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé gíga. Mo ti rí i láìmọye ìgbà, ojú rẹ̀ nìkan ni mo ń wò. Ọwọ́ kan wà ní èjìká rẹ̀. Wọ́n ti gé ẹni tí ó ni ín kúrò, ó ku ọwọ́ àti ẹnu apá aṣọ. Àǹkárá ẹlẹ́yẹ ni. Ẹyẹ ibẹ̀ dorí kodò.

Èmi ni mo rán an. Aṣọ kò tó, mo fi àjákù rán apá ọ̀tún, n kò sì rí i pé mo ti gbé e sódì títí mo fi parí. Mo fẹ́ tú u, ó já a gbà. "Ẹ fi sílẹ̀, Màmá. Bí ẹyẹ kan bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kí ló kàn yín?" Ó wọ̀ ọ́ títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣá.

"Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ni," mo sọ fún ọmọ náà.

"Mummy ní ẹ̀gbọ́n?"

Mo ní kí ó jẹ bisikíìtì rẹ̀ tán.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, fọ́tò náà ṣì dúró. "Ẹ kú ilé o, Màmá. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni, tí ò kúrò lójú kan?"

"Èmi ni mo dá a dúró. O ní gbogbo wọn."

Ó wò ó. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Bí mo bá gé ọwọ́ yẹn, Màmá, èjìká mi á bá a lọ."

"Kí ló dé tí o fi gé e?"

"Àwọn ẹbí ní kí n má jẹ́ kẹ́ ẹ rí i. Wọ́n ní ẹ ò ní lè gbà á."

"Ta ló bi mí léèrè?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bàtà rẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́? O máa ń rí i?"

"Lójoojúmọ́. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà mi níbi iṣẹ́."

"Ojú rẹ̀ ti pòórá lọ́kàn mi," ni mo wí. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ó yọ káàdì, ó wọ yàrá wọn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń fun imú. Nígbà tí ó jáde, ó fi káàdì lé mi lọ́wọ́. "Ẹ fi sí i fúnra yín."

Mo kọ́kọ́ ki káàdì náà bọ̀ ọ́ lódì. Lẹ́yìn náà ni ó wọlé. Ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, bàbá wọn, èmi, lẹ́yìn náà òun, òun àti àbúrò rẹ̀, níwájú ilé wa. Imú rẹ̀ kì í ṣe ti bàbá rẹ̀. Tèmi ni. Ó sì kéré ju bí mo ṣe rò lọ, ojú ọmọdé ni. Mo dá a dúró, a jọ wò ó títí ilẹ̀ fi ṣú.

N kì í dá a dúró mọ́ báyìí. Bí ó bá dúró lójú kan, ńṣe ni ó ń dà bí fọ́tò ara ògiri. Mo fẹ́ kí ó máa wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ọmọ mi bá ń dáná, á pè láti kíṣìnì: "Màmá, ó ti dé?"

"Kò tíì dé. Bàbá yín ló wà níbí, ó di ojú."

Á sáré jáde pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́, ọmọ rẹ̀ á tẹ̀ lé e, wọn á dúró lẹ́yìn àga mi. Bí wọn kò bá mú iná lọ, a ó rí i.