Òróró Àdúrà Lórí Ukulele Tí Mo Fọwọ́ Ṣe

Ẹ bá mi jókòó díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nídìí ukulele kan. Ó ti rẹ̀ mí, nítorí náà mi ò ní jẹ́ kó gùn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọkọ mi, Daddy Tóbi, ẹ mọ̀ pé òun ló ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kí stroke tó mú un lápá ọ̀tún. Láti ìgbà náà, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ gìtá mọ́. Therapist rẹ̀ ní ká wá ukulele fún un, pé gìtá kékeré olókùn mẹ́rin ni, kò sì le lọ́wọ́. Mo ra ọ̀kan. Ó wò ó, ó ní ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lòun ni? Ó yíjú sí ògiri.

Mo wá rò ó pé, bí mo bá fọwọ́ ara mi ṣe é ńkọ́? Ṣé á lè kọ iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀? Èmi tí mi ò kan ìṣó rí láyé mi!

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe ní Snellville, ní Amẹ́ríkà níbí. Màá gbé àwọn ẹlòmíì dìde láti àárọ̀, màá délé, màá tún gbé ọkọ mi. Síbẹ̀, gbogbo Saturday ni mò ń wa mọ́tò lọ sí Lawrenceville, níbi tí òyìnbó àgbàlagbà kan ti ń kọ́ wa bí a ṣe ń ṣe ukulele. Omi àti irin gbígbóná la fi ń tẹ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí yóò fi rí bí ìbàdí. Tèmi kọ́kọ́ ṣẹ́. Ìkejì náà ṣẹ́. Nígbà tí ìkẹta tẹ̀, mi ò tiẹ̀ lè yọ̀. Mo kàn jókòó.

Ó wá ku bridge, igi pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ kí okùn lè so mọ́ ọn. Kí n tó lẹ̀ ẹ́, mo gbé iṣẹ́ náà lọ sí Bible study. Àbí, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni, ká má gbé e síwájú Ọlọ́run? Mama Choir, àgbà obìnrin inú ẹgbẹ́ akọrin wa, gbàdúrà títí, ó da òróró olífì lé e, ó sì fi pa á dáadáa. Ó ní orin kò ní tán nílé wa. Mo ṣe àmín.

Ní Saturday, mo lẹ bridge. Nígbà tí glue gbẹ, mo so okùn. Bí mo ṣe ń fà á le, pàá! Bridge fò dànù!

Olùkọ́ wa fi ìka kan pákó náà, ó ní kí ni mo fi pa á. Mo ní olive oil. Ó ní kí ló dé? Mo ní àdúrà ni. Ó ní glue kì í mú igi tó ti mu epo. Ó ní kí n fi spirit tí wọ́n fi ń nu ojú abẹ́rẹ́ nù ún, kí n ha á, kí n tún un lẹ̀. Kíláàsì tó kẹ́yìn sì nìyẹn! Ó yá mi ní clamp, irin tí wọ́n fi ń dè é mọ́lẹ̀.

Mo délé, mo jókòó sí kíṣìnì, mo ń ha igi, omi ń bọ́ lójú mi. Kì í ṣe ìbínú o, àárẹ̀ ni. Daddy Tóbi wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó gbóòórùn pákó náà.

"Mummy Tóbi, ta ló da òróró sí i?"

"Mama Choir ni."

"Ṣé ó fẹ́ dín in ni?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Mo fi glue sí i, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń dè é ni bridge ń yọ̀ kúrò lójú ìlà. Ọwọ́ méjì ò tó. Mi ò sì bẹ̀ ẹ́ o! Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó gbé e lé bridge náà bí ẹni gbé òkúta lé pépà.

"Ó yá, dè é."

Mo dè é. Ó mú.

Lọ́jọ́ kejì, mo so okùn. Ó fi àtàǹpàkò ta ọ̀kan, ó fajú ro. Ó ní irú ìró wo rèé, pé okùn yẹn ń kùn bí eṣinṣin, kí n tún un fà. Mo fà á. Ó ní kò tíì tó. Ó ń ta á, mò ń fà á, títí ọbẹ̀ fi jóná lórí iná.

Kí ni mo rí kọ́? Ẹ jẹ́ kí glue gbẹ kí òróró tó kàn án! Ṣùgbọ́n èyí tó jù ni pé, gbogbo nǹkan ni mo ti ń ṣe fún ọkọ mi, kò sì sẹ́ni tó ní kí ọwọ́ yẹn ṣe iṣẹ́ kankan. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn nílé, kí lẹ gbé lé tiyín lọ́wọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Màá kà á tí mo bá sùn tán.