Ewì Òkú Tí Wọ́n Kà fún Sójà Tó Wà Láàyè

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbọ́ ohun tójú mi rí ní Bódìjà lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Olùkọ́ kan tí mo mọ̀, Mìsíìsì Adéoyè, ló ní kí n wá wo ewì táwọn ọmọ kíláàsì àwọn kọ láti fi yẹ́ sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì sí. Bàbá Sájẹ́ǹtì ni wọ́n ń pe sójà náà, wọ́n sì máa wá sí kíláàsì láti gbọ́ ọ. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe, mi ò kì í ṣe akéwì, àmọ́ ta ló lè kọ̀ sí Mìsíìsì lẹ́nu?

Mo dé ibẹ̀, mo ka ìwé àwọn ọmọ, ara mi bù máṣọ! Gbogbo ewì ló parí sí "Sùn re o, akọni." Àṣé ìrántí àwọn tó kú sójú ogun ni Mìsíìsì ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ́ wọn! Mo ní ṣebí ẹni tó ń bọ̀ ṣì wà láàyè? Wọ́n ní kò sáyè àtitún un kọ mọ́, Bàbá ti dé géètì.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ìwé rẹ̀ ṣófo, Mojísọ́lá. Sójà ni bàbá rẹ̀. Borno ni wọ́n gbé e lọ, ó sì ti pẹ́ tí fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Ọmọ náà ní òun ò ní kọ "sùn re" fún sójà kankan. Èyí tó jókòó tì í ní, "Ojo! Ìwé lásán lò ń bẹ̀rù?" Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọdé!

Bàbá Sájẹ́ǹtì wọlé, wọ́n ń tiro. Ọmọ àkọ́kọ́ dìde, ó ka tirẹ̀ ketekete: "Sùn re o, akọni! Kí ilẹ̀ dẹ̀ ọ́ lára."

Mìsíìsì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sà!"

Bàbá wo ara wọn látòkè délẹ̀. "Ṣé mo ti kú ni, tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò pẹ́ lójú wọn. Wọ́n ní àwọn ẹlẹgbẹ́ àwọn tó kú sójú ogun, tó yẹ ká ka irú ewì yẹn fún, pọ̀. Àwọn fọwọ́ ara àwọn sin wọ́n sínú yanrìn, kò sì sẹ́ni tó sọ gbólóhùn kan lórí wọn.

Ni Mojísọ́lá bá nawọ́. "Bàbá, ṣé dádì mi máa padà wálé?"

Ẹ̀yin òbí, kí lẹ bá sọ? Mìsíìsì ti ń sáré sọ pé dádì rẹ̀ á dé lágbára Ọlọ́run. Bàbá gbé ọwọ́ sókè láti dá wọn dúró.

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Mi ò ní purọ́ fún ẹ."

Wọ́n ní kó jókòó, kó kọ ohun tó bá fẹ́ kí dádì rẹ̀ gbọ́. Ó kọ ọ́, ó sì kà á:

"Dádì, eyín mi ti hù. Mọ́mì ò jẹ́ ká sùn sápá ibi tẹ́ ẹ máa ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ pè wá, kódà tó bá jẹ́ láti bá wa wí."

Bàbá rọra dìde, wọ́n sàlúùtù ọmọ náà. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé: ká tó kọ́ ọmọ láti yẹ́ sójà sí, ká kọ́kọ́ wo ẹni tó jókòó ní kíláàsì. Àwọn kan ò lè dárò, wọn ò sì lè yọ̀. Ká má fi àdúrà pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ṣé ẹ̀yin náà ní ẹni tẹ́ ẹ ń retí láti ojú ogun? Kí lẹ máa ń sọ fáwọn ọmọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí. Mo pe Mìsíìsì láàárọ̀ yìí. Wọn ò tíì gbúròó bàbá Mojísọ́lá.