Bí Oògùn Ojú Ṣe Sọ Mí Di Wòlíì ní Muṣin

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe di wòlíì láìgba àdúrà kankan. Mùsùlùmí sì ni mí o!

Aago ni mò ń tún ṣe. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lójú, wọ́n yọ kataráàtì tó bò ó, ojú là. Àmọ́ ó wá ń gbẹ, ó ń ta mí bíi pé yanrìn wà níbẹ̀. Dókítà ní kí n máa kán oògùn sí i, kí n dijú, kí n fi ìka tẹ igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Ó ní mi ò gbọdọ̀ dá a dúró. Ṣé afọ́jú ló máa tún aago ṣe ni?

Ni mo bá ń kán an ní ṣọ́ọ̀bù. Mo gbójú sókè, omi ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́, mi ò fọhùn. Ìyá Ṣadé tó ń ta búrẹ́dì níwájú mi rò pé ẹ̀mí ló gbé mi. Kí n tó lajú, ó ti kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí Ṣadé ọmọ rẹ̀ ríṣẹ́. Bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ni fóònù rẹ̀ dún: wọ́n ti gba Ṣadé síṣẹ́!

Ó tán! Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í tò. Mẹ́káníìkì kan mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tó kọ̀ tí kò stáàtì wá. Mo ní oògùn ojú ni, wọ́n ní àmín. Mo ní Mùsùlùmí ni mí, wọ́n ní ẹ ò rí ìrẹ̀lẹ̀!

Lọ́jọ́ kan mo lajú, mi ò rí ìgò oògùn mọ́. Ìyá Ṣadé ti da gbogbo ẹ̀ sínú garawa omi, ó ń bù ú fún èrò.

Kò sí kẹ́mísìtì tó ní in ládùúgbò. Nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́, ojú ti pọ́n, mi ò rí àwọn nǹkan kéékèèké inú aago mọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Mo pe Ìyá Ṣadé. Mo ní, "Ojú tí mo fi ń ṣiṣẹ́ jẹun lẹ dà sí garawa yẹn."

Ó fi búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́ káàkiri títí dé Sùúrùlérè kó tó rí oògùn náà rà. Òun ló bá mi kán an sójú. Mo dijú, ara tù mí. Ni mo bá gbọ́ tó rọra kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti wà níwájú Ọlọ́run báyìí, ẹ bá wa mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ọkọ tí Ṣadé máa fẹ́."

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún, ẹ má fi oògùn yín ṣeré, àmọ́ yàrá ni kẹ́ ẹ ti máa kán an. Kí ni tiyín sọ yín dà ládùúgbò? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀bẹ̀ àdúrà sí i.