Ẹ̀ẹ̀kan Ṣoṣo ni Nikanor Ń Lu Idẹ

Nínú orin tó ń gbà tó ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Nikanor Pestryakov ń lu idẹ rẹ̀, àwọn ará ìlú wa lẹ́bàá odò Volga ò sì jẹ́ kó gbádùn. "Ọ̀gá Ẹlẹ́ẹ̀kan, ṣé apá ò máa ro yín?" Òun náà á rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó máa dáná sí ààrò gbọ̀ngàn orin, kó máa gbálẹ̀, kó sì máa to àga. Yàrá kan nínú àgbàlá ẹ̀yìn gbọ̀ngàn náà ni òun àti Ustinya ìyàwó rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú Lusha, ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹnì kan ṣoṣo tó kù lára ọmọ mẹ́rin tí wọ́n bí.

Símfónì ni wọ́n ń pe orin náà, ìpele mẹ́rin ló ní. Kò tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n kọ́kọ́ lù ú ní Petersburg tí ọ̀gá tó kọ ọ́ fi kú, ìyẹn ló jẹ́ kí gbogbo ìlú máa wá a kiri. Ìpele kẹta rẹ̀ ń pariwo bí ogun tó ń ti ojú ìjà bọ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́gun. Ìkẹrin, tó kẹ́yìn, ẹkún ni. Inú ẹkún yẹn ni idẹ Nikanor wà, idẹ ńlá tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ, jẹ́ẹ́ ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ lù ú. Olùdarí orin ti dán onílù méjì wò, ariwo ni wọ́n ń pa. Ló bá pe Nikanor tó ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ pé kó gbìyànjú. Nígbà tó lù ú, olùdarí ní, "Ọwọ́ tí mò ń wá nìyí." Yinni yinni kẹ́ni ṣèmíì ni tàwọn àgbà, àmọ́ ti Nikanor kọjá bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún un rí.

Lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n máa lu orin náà fún aráàlú, ọ̀fun Lusha wú. Dókítà ní àrùn tó ń ran ni, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e lọ sílé àwọn aláàrùn ní òdìkejì odò. Òbí kì í wọ ibẹ̀, ọmọ tó sì ń ti ibẹ̀ bọ̀ ò pọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ẹṣin dé lọ́sàn-án, Nikanor ti wọ aṣọ orin.

"Bàbá Savely, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ti ibiṣẹ́ dé, kí n dágbére fún un."

"Ìgbà wo niṣẹ́ ń parí?" ni awakọ̀ béèrè.

"Tí ẹ bá ti gbọ́ àtẹ́wọ́ ńlá, ó parí nìyẹn. Mo ti dé."

"Tí mi ò bá rí ẹ lẹ́yìn àtẹ́wọ́, màá lọ o. Omi odò tó dì, tí mo máa wa ọkọ̀ kọjá lórí ẹ̀ yẹn, ò ṣeé fọkàn tán tílẹ̀ bá ṣú."

Lusha ò lè sọ̀rọ̀ sókè mọ́. "Bàbá mi, ẹ tètè dé."

Ìpele kẹta parí pẹ̀lú ariwo, ni gbogbo gbọ̀ngàn bá dìde. Wọ́n rò pé orin ti tán. Àtẹ́wọ́ ń mi fèrèsé, àwọn kan tiẹ̀ ti ń wá ẹ̀wù òtútù wọn. Bàbá Savely náà á ti gbọ́ ọ níta. Nígbà ìdánrawò, kò sẹ́ni tó jókòó sí gbọ̀ngàn tó lè pàtẹ́wọ́, kò wá sí i lọ́kàn rí pé èèyàn lè ṣì í gbọ́.

Foma, onílù tó ń gbá awo idẹ méjì pọ̀, ti parí iṣẹ́ tiẹ̀. Nikanor sọ ọ̀rọ̀ náà fún un létí.

"Kí lo wá ń dúró ṣe? Máa lọ, màá bá ẹ lù ú. Ẹ̀ẹ̀kan péré náà ni."

Nikanor dìde díẹ̀. Ó wo ọwọ́ Foma tó rí wúruwùru, ọwọ́ tó mọ ariwo nìkan. Olùdarí ti gbé ọwọ́ sókè.

"Wọ́n á dúró dè mí," ló sọ, ó sì jókòó. Kò gbà á gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ó lù ú. Kò lù ú dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí orin ṣe kú tán, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fúngbà pípẹ́, Nikanor sì sá jáde láìwọ ẹ̀wù.

Ipa ọkọ̀ nìkan ló kù lórí yìnyín. Ustinya dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Àtẹ́wọ́ dún, mo ní ẹ ń bọ̀. Bàbá Savely dúró, ó tún dúró. Lusha ní kí n gbé òun jókòó nínú ọkọ̀, kí ẹ lè tètè rí òun."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọmọ náà kú. Ustinya ò bá ọkọ rẹ̀ jà. Ó ń se oúnjẹ, ó ń fọṣọ, títí yìnyín orí odò fi yọ́. Ló bá bi í léèrè bó ṣe ń bu ọbẹ̀ fún un.

"Bàbá Lusha, kí lẹ dúró ṣe lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo lu idẹ."

"Ẹnu ọ̀nà ni mo wà títí ẹ fi jáde. Mo gbọ́ gbogbo orin yẹn. Mi ò gbọ́ idẹ kankan."

"Bí wọ́n ṣe ń lù ú nìyẹn," ni Nikanor wí.

Ustinya gbé abọ́ náà síwájú rẹ̀, ó sì lọ jókòó sórí ibùsùn ọmọ.