Kúbùsù Lára Igi Píìṣì

Ìyá ìyàwó mi gbà pé kò sí ohun ẹlẹ́mìí kankan tó yẹ kí òtútù máa fìyà jẹ. Nígbà tí wọ́n wá kí wa láti Ìbàdàn, sókísì méjì-méjì ni wọ́n ń wọ̀ nínú ilé, bẹ́ẹ̀ ìta ò fi bẹ́ẹ̀ tutù. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí igi píìṣì mi lẹ́yìnkùlé, tí gbogbo ewé rẹ̀ ti rẹ̀ dànù, wọ́n káwọ́ lérí.

"Ẹ wo igi níhòòhò nínú òtútù yìí! Ẹ ò ṣàánú ẹ̀ ni?"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti fi kúbùsù wé e. Wọ́n tún wá okùn gílóòbù Kérésìmesì àtijọ́ kan jáde nínú gàráàjì, èyí tó máa ń gbóná, wọ́n so ó yí i ká, wọ́n sì tàn án.

Igi yẹn gan-an ni ìjà ilé wa. Ọdún tí a ra ilé sí Dacula ni mo gbìn ín, torí mi ò rí ìdí tí màá fi máa gbé ní Georgia, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tó lórúkọ nítorí èso píìṣì, kí n tún máa ra píìṣì ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń ga, ó ń hu ewé, kò so. Ìyàwó mi ti dájọ́ fún un: "If it doesn't fruit this year, a máa hú u. Patio tá a lè máa jókòó gbatẹ́gùn sí ni mo fẹ́ níbẹ̀." Ó ti bá àwọn tó máa da kọnkéré sọ̀rọ̀. Èmi sì fẹ́ràn igi náà bí èèyàn ṣe ń fẹ́ràn ọmọ tó ń fìdí rẹmi níléèwé.

Ẹni tó tà á fún mi ní Jonesboro ti ṣàlàyé ohun tó ń ṣe é. Igi píìṣì gbọ́dọ̀ sùn nínú òtútù kó tó lè jí, kó tanná, kó so. Irú tèmi a máa fẹ́ òtútù púpọ̀, òtútù ibí ò sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́; nínú oṣù Kìíní, ṣòkòtò péńpé làwọn ará àdúgbò wa ń wọ̀ kiri. Irú mìíràn wà tí kì í béèrè òtútù púpọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn máa ń kánjú tanná, tí ìrì dídì bá wá dé lójijì, ó parí. Ìwọ̀nba òtútù tó kù fún igi mi wá ni àna mi ń fi iná lé lọ.

Ta ló máa sọ fún wọn? Èmi tí mò ń dọ̀bálẹ̀ kí wọn láràárọ̀? A kì í já àna ẹni níyàn. Bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, màá paná; kí n tó dé, wọ́n á ti tàn án padà. Mo bá rán ìyàwó mi sí wọn. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ńṣe là ń fi tọmọ jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ò mọ ìyẹn.

"Mummy, ẹ fẹ́ pa igi oníigi! Òtútù yẹn gan-an ló fẹ́!"

Màmá lọ paná náà. Wọ́n ká kúbùsù wọn sínú àpótí, wọn ò sì yọjú sí ẹ̀yìnkùlé mọ́.

Orí bá wa ṣe é, òtútù gidi mú fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí oṣù Kejì tó parí, igi tanná, pupa rẹ́súrẹ́sú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Àfi bí fóònù mi ṣe sọ fún mi lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kẹta pé ìrì dídì ń bọ̀ mọ́jú. Mo wà ní wáháòsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Union City, ìyàwó mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù, àwa méjèèjì ò ní délé kílẹ̀ tó mọ́, Màmá nìkan ló wà nílé. Ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mo pè wọ́n, mo sì dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò rí mi. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé mo dákú ni.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi da kúbùsù bo igi yẹn. Ẹ tan iná ẹ̀ náà mà. Òtútù máa pa òdòdó ẹ̀."

Wọ́n bi mí pé: "Ṣé igi tó fẹ́ òtútù yẹn náà ni?"

"Òun náà ni mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí mo fi gbé fóònù jìnnà sétí.

Màmá ti padà sí Ìbàdàn kí èso tó pọ́n nínú oṣù Kẹfà. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ já ọ̀kan. Ó gé e jẹ, omi rẹ̀ ṣàn dé ìgúnpá rẹ̀, ló bá bú sẹ́kún. "Mummy ì bá ti dúró," ló ń wí. Lọ́jọ́ yẹn náà ló pe àwọn oníkọnkéré pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá mọ́.

Lẹ́yìn náà ló wòkè. Àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kún fún èso, ṣùgbọ́n àwọn tòkè tí kúbùsù Màmá ò dé ò ní ẹyọ kan, ìrì dídì ti pa gbogbo òdòdó wọn. Bákan náà ni òun àti ìyá rẹ̀ ṣe ga. Ó nàgà, ó na ọwọ́ sókè, ọmọ ìka rẹ̀ sì kan èso tó ga jù lórí igi náà.